Ohun Tó Yẹ Kó Wọ Ọgbà Àdúgbò, àti Ohun Tó Yẹ Kó Dúró Síta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé, ní àdúgbò Paràkin. Ẹbí kan tó ní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa yọ̀ǹda pulọ́ọ̀tì méjì, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé ká máa fi gbin nǹkan jíjẹ títí àwọn yóò fi ráyè kọ́lé síbẹ̀. Ìdílé 16 la pín in fún, èmi sì ni akọ̀wé. Ọdún àkọ́kọ́ dùn. Ní báyìí, bàbá kan ti gbin ọ̀pẹ méjì, ẹnì kan gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ṣíji bo ẹ̀fọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ẹ̀gẹ́ kún gbogbo ààyè rẹ̀, màmá kan sì gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tirẹ̀, ó fi akòko sí àárín. Àwọn kan ní ká fòfin de ohun gbogbo àfi ẹ̀fọ́. Àwọn kan ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹnìkejì máa gbìn sórí ààyè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú òfin wo la lè kọ tí kò ní tú wa ká?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àdúgbò o, akọ̀wé wa, ẹ sì kú ìfaradà. Ìmọ̀ràn méjèèjì tó wà nílẹ̀ yẹn, n kò rò pé èyíkéyìí nínú wọn máa gbè yín. Bí ẹ bá fòfin de ohun gbogbo àfi ẹ̀fọ́, ẹ ó lé ata, ilá àti àgbàdo jáde láìnídìí, àwọn àgbà tó mọ ewé yóò sì kẹ́sẹ̀ kúrò láàárín yín. Bí ẹ bá tún ní kí kálukú ṣe bó ṣe wù ú, kò ní pẹ́ tí ẹni tó gbin igi yóò fi gba ilẹ̀ mọ́ ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́.

Èmi kò ní kọ òfin náà sórí orúkọ ohun ọ̀gbìn. Orí ohun tí ohun ọ̀gbìn máa ń ṣe ni mo máa kọ ọ́ lé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbin ohunkóhun, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: ìgbà wo ni yóò kúrò nílẹ̀? Ta ni òjìji rẹ̀ máa bò? Ibo ni gbòǹgbò, ọmọ tàbí ìtàkùn rẹ̀ máa dé? Kí ló lè ṣe fún ọmọdé, ẹran ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn ẹlòmíì? Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ó máa gbìn ín lọ, kódà bí kò bá sí nínú ìwé yín. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí àkọ́kọ́ ló wúwo jù, torí pé ilẹ̀ kì í ṣe tiyín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀pẹ. Nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ tí kòkó ti sọ ilẹ̀ di ohun tí ẹbí ń torí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ igi àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ pé kó máa fi gbin iṣu àti àgbàdo mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì, ọsàn tàbí ọ̀pẹ síbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ọ̀pẹ tó bá sì ti wà níbẹ̀ kó tó dé, ti onílẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ kò le: iṣu tó wọlẹ̀ lọ́dún yìí, ọdún yìí ni wọ́n máa wà á. Kòkó àti ọ̀pẹ ń so fún ọdún 25 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbìn ín lè kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ká a, kí wọ́n sì máa pe ibẹ̀ ní oko bàbá wọn. Ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń san fún onílẹ̀, ọ̀nà kan ni wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i lọ́dọọdún pé igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kódà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tó fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fi ààyè sílẹ̀ fún owó gbà-má-bínú lórí ohun ọ̀gbìn bí ìjọba bá gba ilẹ̀. Ẹni tó bá ní igi lórí ilẹ̀ ní ohun tó lè tọ́ka sí. Ẹni tó ní ewédú kò ní nǹkan kan láti tọ́ka sí.

Ìyẹn ni olórí ẹbí tó fún yín nílẹ̀ yóò kọ́kọ́ rò nígbà tó bá kọjá tó rí ọ̀pẹ méjì yẹn. Kò ní ro epo. Yóò rò pé, “Àwọn èèyàn yìí ti fẹ́ jókòó síbí.” Bí ìrònú yẹn bá ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ìdílé 16 ni yóò san án, kì í ṣe bàbá nìkan.

Tí a bá tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣirò náà kò jọ ara wọn. Nínú oko ọ̀pẹ, mítà 9 ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ kan dé ìdí èkejì. Pulọ́ọ̀tì méjì tẹ́ ẹ ní, bí ẹ bá yọ ojú ọ̀nà kúrò, ẹ pín in sí 16, ohun tí yóò kan ìdílé kan kò ní ju nǹkan bíi mítà 8 sí 9 lọ ní ìbú àti ní òró. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo báyìí gba gbogbo ààyè ìdílé kan, èkejì sì ti wọ ààyè aládùúgbò. N kò rò pé bàbá ní ohun burúkú lọ́kàn. Àgbà tó bá gbin ọ̀pẹ, àwọn ọmọ-ọmọ ló ń rò. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ ló ti yẹ kó ro tiwọn.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa kọ òfin kìíní nìyí: ohunkóhun tí a kò bá lè kó kúrò nílẹ̀ pátápátá, tigi-tigbòǹgbò, kí oṣù 12 tó pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìn ín sórí ààyè tirẹ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan ti kó ọ̀pẹ, kòkó, obì, orógbó, ọsàn, máńgòrò, píà, àgbọn, tíìkì àti mẹ̀línà jáde, láìjẹ́ pé ẹ ń dárúkọ igi ẹnikẹ́ni sí i lójú nínú ìpàdé. Bí gbogbo yín bá wá fẹ́ igi kan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí onílẹ̀ mọ̀ sí i, kí ó sì wà lákọsílẹ̀ pé bí ọjọ́ ilé kíkọ́ bá dé, a ó gé e láìbéèrè kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ lórí pèrègún, torí ibẹ̀ ni wàhálà yín tó le jù lè gbà wọlé, ó sì jọ pé ẹ kò tíì fura. Pèrègún kì í ṣíji bo ẹ̀fọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹwà, ó wúlò. Àmọ́ pèrègún ni igi ààlà. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé iwájú àwọn àgbà tàbí iwájú adájọ́, wọ́n á béèrè igi tó wà lójú ààlà, pèrègún ló sì sábà máa ń jẹ́. Wọ́n yàn án torí pé ó ń pẹ́ láyé, bí wọ́n bá sì gé e, ó tún rú. Wàyí o, màmá fi mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lónìí, gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ló wà láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, tí èyí tó pọ̀ nínú yín bá ti kó lọ, àlejò tó bá dé ibẹ̀ yóò rí ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fi pèrègún pa ààlà sí, yóò sì béèrè ẹni tó ni ín.

Ẹ má kọ lẹ́tà sí màmá. Kí àgbà obìnrin kan tó sún mọ́ ọn bá yín lọ sílé rẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó gbìn ín fún. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ kí wọ́n máa tẹ ẹ̀fọ́ òun mọ́lẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òkúta, taya tàbí èèkàn pákó yóò ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó sì lè jẹ́ fún ewé tàbí fún ìsìn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pèrègún ní ààyè tirẹ̀ ní ojú ààlà ìta, níbi tí ilẹ̀ ẹbí náà ti pàdé ilẹ̀ ẹlòmíì, bí ẹbí bá gbà, tí aṣojú wọn sì wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín. Ìyẹn yóò dùn mọ́ onílẹ̀ nínú, torí ẹ̀ ń bá a ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Ti akòko ń béèrè ọ̀wọ̀. Ewé tí wọ́n fi ń jẹ oyè kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kan máa hú dànù lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Síbẹ̀ igi ni, ó lè ga ju ilé alájà kan lọ. Ẹ fi ọ̀kan sí igun àjùmọ̀ní, kẹ́ ẹ máa rẹ́ orí rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ewé máa já a. Èyí tó wà láàárín ààyè màmá, bí kò bá tíì ju ọdún kan lọ, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kan bí apá, ẹ gún un sílẹ̀ ní igun yẹn nígbà òjò. Akòko kì í pẹ́ hù.

Híhù kíákíá yẹn ni mo tún fẹ́ fi kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbin iṣu. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé ẹ̀ka akòko, ìyeyè tàbí àgúnmánìyè ṣe ọ̀pá tí iṣu máa gùn. Lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo ara ọ̀pá náà. Bẹ́ ẹ bá rí i pé èèpo rẹ̀ ti ń tutù, tí ojú kékeré aláwọ̀ ewé ń yọ níbi tí ẹ̀ka ti ya tẹ́lẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò lábẹ́ nìyẹn. Ẹ mì ín. Bí kò bá mì mọ́, igi lẹ gbìn láìmọ̀. Ọparun gbígbẹ ló dára jù fún ọgbà bíi tiyín.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí òfin yín lé ewé jáde. Ifẹ̀ lẹ wà. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ tí kò jẹ́ ti ẹnì kankan, kí òfin oṣù 12 má dé ibẹ̀. Ewúro lè wà níbẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń gé e kó má kọjá ìbàdí. Efinrin, koríko ọba, ọ̀dúndún, rinrin, gbogbo wọn kéré, wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tètèrègún fẹ́ ibi tó tutù, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi fífọwọ́ ń ṣàn sí. Kí màmá yẹn gan-an jẹ́ alábòójútó igun náà. Ẹni tó bá mọ ohun tí akòko wúlò fún yóò mọ èyí tó kù, àwọn ọmọ yín yóò sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A máa ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀, àdúrà ńlá sì ni lẹ́nu ẹni tó ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Lórí ilẹ̀ tí èèyàn 16 jọ ń lò, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ so, wọ́n gé e, ọmọ mẹ́rin sì ti dúró yí i ká, ọ̀kan nínú wọn ti wọ ààyè ẹlòmíì. Ó kọjá oṣù 12 láìṣe pé ẹnì kan pinnu bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀, kò jẹ́ kí oòrùn dé ìsàlẹ̀, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì lè wó o lu ata ẹni ẹlẹ́ni.

N kò ní kẹ́ ẹ lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ o. Ẹ tò ó sí ìhà àríwá ọgbà, kó di ti ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ sì máa fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lára ìyá kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí mo fi ní àríwá nìyí. Ifẹ̀ kò jìnnà sí agbede-méjì ayé, nǹkan bíi dìgírì 7.5 péré ni sí àríwá rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń gba ìhà gúúsù kọjá, òjìji sì ń bọ́ sí àríwá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ga ní mítà 4 yóò ní òjìji tó ju mítà 2 lọ, gbogbo rẹ̀ yóò sì bọ́ sẹ́yìn ọgbà. Ní oṣù kẹfà, oòrùn á sún díẹ̀ sí àríwá orí wa, òjìji ọ̀sán á wá bọ́ sínú ọgbà, ṣùgbọ́n kò ní ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀ tó láti gbà á. Ẹ má fi ohun gíga sí ìlà oòrùn, torí oòrùn àárọ̀ ló ń gbẹ ìrì lára ewé, ewé tí kò bá sì tètè gbẹ ni àrùn ewé ń mú. Ìbẹ́pẹ náà lè dúró sí ìlà àríwá yẹn pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgbàdo kì í pẹ́, oṣù mẹ́ta ló ń lò, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbìn ín sí ìparí ààyè rẹ̀ ní ìhà àríwá kan náà.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ó ń bọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà rẹ̀: oṣù 9 sí 12 ló fẹ́ lò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fi í sílẹ̀ di oṣù 18, torí ilẹ̀ ni àká rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti bo ilẹ̀, kì í fẹ́ ìroko púpọ̀ mọ́. Ẹni tí kò ráyè ló máa ń gbìn ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ẹ̀gẹ́ kún ààyè rẹ̀, bóyá iṣẹ́ ló gbà á lákòókò, tí kò sì fẹ́ kí ààyè náà bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ bá a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìbínú. Ó lè gbà kí ẹlòmíì máa lo ìdajì títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dilẹ̀. Ìṣòro kejì ni tata. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé tútù bá wọ́n, tata aláwọ̀ mèremère yẹn máa ń rọ́ sórí ẹ̀gẹ́, bó bá sì ti jẹ ibẹ̀ tán, ẹ̀fọ́ tí ẹ̀ ń fi omi kànga rin ló kàn. Èrò tèmi ni pé kí ẹ̀gẹ́ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ààyè ẹnikẹ́ni, kí gbogbo rẹ̀ sì ti kúrò nílẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Àwọn tó ń rá kò le púpọ̀. Ọ̀dùnkún, elégédé, ẹ̀gúsí àti ugu, ẹ gbà wọ́n láàyè, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ín máa yí ìtàkùn rẹ̀ padà sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ugu ní ọ̀pá tirẹ̀ láàárín ààyè olúwa rẹ̀, kó má gun fẹ́ǹsì àjùmọ̀ní. Ọ̀dùnkún máa ń ta gbòǹgbò níbi tí oríkèé rẹ̀ bá ti fara kan ilẹ̀, á sì ta níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: èyí tó bá ta sórí ààyè ẹlòmíì, ti ẹni tó ni ààyè ni. Mo ti rí i tí irú ọ̀rọ̀ kékeré yìí di ohun tí wọ́n ń gbé lọ síwájú alága àdúgbò.

Lórí májèlé, kò sí ìdúnàádúrà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti fi lápálápá ṣe ọgbà torí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Bí èso rẹ̀ bá gbó tó sì là, hóró dúdú ló wà nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ sì máa ń tan ọmọdé jẹ. Bí ọmọ bá jẹ mélòó kan, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa tẹ̀ lé e. Lará tún burú ju ìyẹn lọ: hóró rẹ̀ ń dán, ó ní àmì tó-tò-tó lára, ọmọ á fẹ́ fi ṣeré, díẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n bá rún lẹ́nu sì lè pààyàn. Apíkán, tí àwọn kan ń pè ní gègèmu, ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa òdòdó gígùn tó dà bíi fèrè àti èso ẹlẹ́gùn-ún. Ó ń da orí rú, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń fi í ba ayé ara wọn jẹ́. Wèrèpè kò ní pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí irun rẹ̀ bá fẹ́ lù kò ní gbàgbé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni kí ẹ dárúkọ gbangba nínú òfin, kí wọ́n má sì wọ ọgbà rárá, yálà wọ́n gbìn wọ́n ni tàbí wọ́n hù fúnra wọn. Bí ọmọ bá ṣèèṣì jẹ ọ̀kan, ẹ má dúró fún epo pupa. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì mú ewé àti èso náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ.

Ẹ ó pàdé ewé tẹ́nì kankan nínú yín kò mọ̀. Ẹ já ẹ̀ka kan tó ní òdòdó tàbí èso lára, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé e lọ sí Ife Herbarium ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Botany ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ewé lórúkọ. Àwọn ìlú mìíràn ń wá irú àǹfààní yẹn, ẹ̀yin sì lè fi ọ̀kadà dé ibẹ̀.

Igbó tí àwọn kan ń mu bíi sìgá kò nílò àlàyé gígùn. Òfin Nàìjíríà kò gba gbígbìn rẹ̀, àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, kò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ẹni tó gbìn ín nìkan bí wọ́n bá dé. Ẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ni olúwa rẹ̀ kúrò nínú ọgbà.

Tábà bá òfin mu, síbẹ̀ n kò ní gbà á. Àìsàn kan wà tó ń mú ewé rẹ̀ ṣe àdíkálà, tó sì ń ràn mọ́ tòmátì àti ata. Ọwọ́ àti ọ̀bẹ ló ń gbé e kiri, ó sì ń pẹ́ nínú ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá fa sìgá tán, kó fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó kan tòmátì, ti ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà, ata, tòmátì àti ìgbá jẹ́ ọmọ ìyá kan, àìsàn inú ilẹ̀ tó ń mú wọn rọ lójijì kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ẹni tó bá gbìn wọ́n lọ́dún yìí fi àgbàdo tàbí ewédú rọ́pò wọn lórí ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òfin ti pọ̀ jù, ẹ sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú ọgbà yìí láti ọjọ́ pípẹ́ náà ní òfin. Ní Jámánì, òfin wọn ti ọdún 1983 ní ọgbà ẹnì kan kò gbọdọ̀ ju 400 mítà onígun mẹ́rin lọ, ilé ẹjọ́ wọn sì ti sọ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ èso àti ewébẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́gbà níbẹ̀ kì í gba igi inú igbó rárá. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1922 ní ohun tó pọ̀ jù lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ewébẹ̀ tàbí èso tí olúwa rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ máa jẹ. Ojú ọjọ́ wọn kò jọ tiwa, igi wọn kò jọ tiwa, àmọ́ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò yàtọ̀: kí ilẹ̀ oúnjẹ má di igbó ẹnì kan.

Ohun tó kù fún yín láti gbìn pọ̀ jaburata. Tẹ̀tẹ̀ ń tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewédú ń lo bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ilá bí oṣù méjì. Ṣọkọ, gbúre, ìgbá, ọ̀dú, ẹ̀bọ́lọ̀, ata rodo, tòmátì, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ bá òfin oṣù 12 mu. Kókò dára fún ẹni tí òjìji bá ti bá ààyè rẹ̀ jẹ́, torí òun kò kọ ìbòji.

Ẹ ní láti fi ọ̀rọ̀ oògùn mọ́ òfin náà, torí ẹni tó bá fín oògùn apakoríko lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ ti pa ewédú aládùúgbò rẹ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakoríko, láti ọdún 2024, ẹ má gbà á láàyè rárá. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fín sórí ẹ̀fọ́, kì í ṣe fún ẹ̀fọ́.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo, ní Yorùbá, ẹ kà á sókè nínú ìpàdé, kí kálukú tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Kí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí tó fún yín, pé kò sí ohun ọ̀gbìn kankan tó lè sọ ọ́ di ti ẹlòmíì. Ẹ fún olórí ẹbí ní ẹ̀dà kan. Ní oṣù kẹta ọdọọdún, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, kí èèyàn mẹ́ta rìn yí ọgbà ká, kí wọ́n wo ohun tó ti kọjá àkókò. Ẹnu ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá hú ohun ọ̀gbìn ẹlòmíì, kódà kó jẹ́ igbó. Ẹgbẹ́ ló máa hú u, lójú mọmọ, lójú ẹni tó ni ín bó bá wà nílé.

Fún àwọn tó ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé, ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti yọ ọmú, ẹ jẹ́ kó gbó kí wọ́n gé e, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀ jáde pátápátá, torí èyí tó bá kù nínú ilẹ̀ yóò tún hù. Ẹ̀gẹ́, kí wọ́n wà á bó bá ti tó, kí wọ́n má tún fi igi rẹ̀ dá a padà. Ọ̀pẹ méjì ti bàbá, bí wọ́n bá ṣì kéré, wọ́n ṣeé hú. Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ló dára jù, tí òjò bá ti rọ ilẹ̀ gbingbin. Ẹ gbẹ́ ẹ káàkiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀ mọ́ gbòǹgbò, ẹ fi àpò dì í kó má fọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ bá bàbá gbé e lọ sí oko rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì bá a gbìn ín.